Ọwọ́ Tó Di Ìkuukùu

Inú fóònù ni Adémúyìwá ti fi hàn wá,
ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òdógbolú, lọ́jọ́ tí òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọjú.
Ó ní, "Ilé ìpamọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti rí i.
Bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó.
Wọ́n ní kí n wọ ìbọ̀wọ́ funfun
kí n tó fọwọ́ kan ìyáńlá wa."

Lábẹ́ àwòrán, wọ́n fi gègé kọ ọ́:
Obìnrin Jẹ̀bú kan, ti òun ti igbá.
Kan!
Orúkọ ẹni tó yà á wà níbẹ̀.
Orúkọ ọ̀gágun tó gbé e fún ọba wà níbẹ̀.
Orúkọ ọkọ̀ ojú omi pàápàá wà níbẹ̀.

Igbá wo? Ìyá tó ń hun kíjìpá,
tí òwú ò kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀ títí irun fi funfun!
Wọ́n yá igbá lọ́wọ́ aládùúgbò ni.
Wọ́n ní kó ṣí gèlè, kó fa aṣọ wálẹ̀ léjìká,
kó má mira, kó má ṣẹ́jú,
títí Òyìnbó yóò fi yọrí lábẹ́ aṣọ dúdú
bí adìẹ tó ń wá ọkà lábẹ́ agbọ̀n.

Èyí ò sí nínú ìwé ọba.
Ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ, òun náà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀:
ṣílè méjì ni wọ́n ṣèlérí.
Wọ́n di àpótí, wọ́n lọ.
Títí ó fi kú, bí ajá bá gbó lóru,
a máa wí pé, "Bóyá wọ́n mú ṣílè mi dé."
Ìjẹ̀bú kì í gbàgbé gbèsè, ẹ má bínú.

Ẹ wá wo ọwọ́ òsì.
Adémúyìwá ní fọ́tò ló bàjẹ́ níbẹ̀.
Mo gbé awò sójú. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ hàn kedere,
ènìyàn lè ka fọ́nrán ẹní tí wọ́n ta sẹ́yìn rẹ̀;
ọwọ́ yẹn nìkan ló di ìkuukùu.
Wọ́n ní má mira, ó mira.
Bóyá eṣinṣin ló ń lé,
bóyá ọmọ tó ń sunkún ló ń pè,
bóyá, mo mọ ìdílé wa, owó ló ń nawọ́ sí.
Ẹfúnkọ̀yà. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀.
Gbogbo ara wọ àpótí ọba,
ọwọ́ kan ṣẹ́kù tí wọn ò rí mú.

Òjò ti dá.
Àbúrò mi obìnrin mú èédú,
ó ń ṣírò lára ògiri:
ṣílè méjì, pẹ̀lú èlé.