Omi Tí Kò Kan Ilẹ̀

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń bomi fún un
bí ẹni ń bomi fún ẹṣin tó tàjò dé,
gálọ́ọ̀nù kan ní Ìlobùú, ìdajì ní Àlékùwodò.
Tá a bá ti dé ẹsẹ̀ òkè Baálẹ̀, abẹ́rẹ́ ooru á dìde,
á nà gbọnrangandan bí ìka ẹlẹ́rìí tó ń tọ́ka sólè.
Pákó ogójì wà lẹ́yìn, oníbàárà ń pariwo lórí fóònù,
èmi wà létí títì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀,
mò ń bẹ píkọ́ọ̀pù bí ẹni bẹ àna.

Lásísì ní rẹdiétọ̀ ni.
A yọ ọ́, a gbé e lọ bá jórinjórin ní Ìgbọnà,
ó dí i lẹ́nu, ó rì í sómi, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i:
kò hó. Ara ẹ̀ dá ṣáṣá.
Lásísì ní, á jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ni,
ká já orí ẹ́ńjìnnì, ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún náírà.
Mo ní, Lásísì, rọra.
Owó àpò mi ò tó já orí, ò tó já ìrù.

Ilẹ̀ ló ń yà mí lẹ́nu.
Ọkọ̀ á sùn síta, màá jí, màá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀,
ilẹ̀ á gbẹ bí ètè aláàwẹ̀.
Omi tó jò tí kò kan ilẹ̀,
ibo ló gbà lọ?

Ìyá mi, Sàfúrátù, jókòó lẹ́nu ọ̀nà,
èékánná ẹ̀ ṣì dúdú,
bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláǹgbá ló ń gbé inú ìkòkò aró ẹ̀
láti ọdún mọ́kànlá.
Ó ní, "Àwọ̀ wo ni omi yín?"
Mo ní, "Àwọ̀ ewé."
"Ẹ̀yin ń wá omi. Àwọ̀ ni kẹ́ ẹ wá.
Omi lẹ́sẹ̀. Àwọ̀ ò lẹ́sẹ̀."

Ó wọlé, ó mú aṣọ funfun kan jáde,
ó fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́.
A so ó mọ́ gbogbo oríkèé hóòsì,
a ki ọ̀kan sábẹ́ páńpù, ọ̀kan sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì.
Èyí tó ṣẹ́kù, ó fi há abẹ́ rọ́bà
níbi tí èrò iwájú ń gbẹ́sẹ̀ lé.
Jẹlílì ọmọṣẹ́ fi wá rẹ́rìn-ín. Lásísì ò rẹ́rìn-ín:
ìyá tòun náà rẹ aṣọ títí ó fi kú.

A tan ẹ́ńjìnnì, a jẹ́ kó máa kùn
títí wọ́n fi pe ìrun alásárì.
Gbogbo àkísà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì funfun báláú.
Èyí tó wà níbi ẹsẹ̀ èrò
ti mu àwọ̀ ewé láti etí dé etí.

Lásísì ká kápẹ́ẹ̀tì. Ó rin gbindin,
ó ń rùn bí ìrèké tó ti kan.
Ó tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó tọwọ́ bọ ihò,
ó fa ẹ̀dọ̀fóró onírin kékeré kan jáde,
tó rí wínniwìnni bí afárá oyin, igun ẹ̀ kan ti jẹrà.
"Kí lèyí ń ṣe?"
"Òun ló ń fún èrò ní ooru, nílùú òtútù."
Gbogbo wa dákẹ́.
Òógùn ń ro tótó lágbọ̀n wa,
oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà ń han pánù lókè orí wa.
Ìyá mi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín:
"Ta ní ń yáná ní Òṣogbo?"

Lásísì ò wulẹ̀ ra òmíràn.
Ó so hóòsì méjèèjì lẹ́nu pọ̀,
ó fi kílíìpù fún wọn lọ́rùn, ó parí.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ààbọ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìndòdò Jẹlílì.

Lónìí mo gbé pákó ọgọ́ta gun òkè Baálẹ̀,
abẹ́rẹ́ sùn sáàárín bí ológbò.
Mi ò ju ẹ̀dọ̀fóró yẹn nù.
Ó tòkun bọ̀, kò ríṣẹ́ ṣe lọ́dọ̀ wa,
ó wá ń sunkún sábẹ́ ẹsẹ̀ èrò.

Ìyá mi ti fọ àkísà náà.
Omi kan péré, ó funfun padà.
Ó ní aró wọn ò dáa.