Aago Mẹ́sàn-án Alẹ́ ní Ìjẹmọ̀

Bí aago bá ti lu mẹ́sàn-án, a ti fẹ̀yìn ti ògiri,
Fadérera ti ti ilẹ̀kùn, ó tún fa kọ́tìnì,
àfi bí ẹni pé àwa gan-an la jí fáìlì ọ̀hún gbé.

Nínú tẹlifíṣọ̀n, amí kan ń bá mínísítà mu tíì.
Ẹnu ń rẹ́rìn-ín. Ojú ò bá a rẹ́rìn-ín.
A ò mọ ta ni tiwa, ta ni tọ̀tá;
ìyẹn gan-an ló dùn,
ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀wà jóná lánàá.

Bàbá nìkan ni kì í sọ̀rọ̀.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi to ìwé ní Òkè-Mosàn,
kò ròyìn ọjọ́ kan ṣoṣo fún wa rí.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ṣàdédé nawọ́:
"Akọ̀wé yẹn ni. Kò wo àpò lẹ́tà yẹn rárá.
Ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ojú rẹ̀ á ti débẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, akọ̀wé yẹn náà ni.

Fadérera pàtẹ́wọ́.
Èmi ń wo àpótí irin tó wà ní kọ̀rọ̀ pálọ̀,
èyí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lápò Bàbá
láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.
Bàbá
ò wo ibẹ̀ rárá.