Òkú Tí N Kò Wọ̀n

Pósí ni mo ń kàn ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.
Láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè
téèpù ìwọ̀n máa ń wà lọ́rùn mi bí ìlẹ̀kẹ̀:
ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ààbọ̀,
nígbà mìíràn ẹsẹ̀ bàtà méjì péré,
èyí tí n kì í gba owó iṣẹ́ lé lórí,
owó pákó nìkan.

Ṣùgbọ́n tó bá ti di alẹ́ Sátidé,
n ó gbọn ẹ̀tù pákó kúrò lára ṣòkòtò,
n ó bọ́jú,
n ó sì gba ilé Látóyè lọ,
níbi tó ta aṣọ funfun mọ́ ògiri,
tó to bẹ́ńṣì tí èmi fúnra mi kàn fún un
(kò tíì san owó méjì nínú wọn).
Igba náírà lẹ́nu ọ̀nà.
"Ta ló wà ńbẹ̀ lónìí?"
"Gbogbo wọn ni!"

Apárí wà ńbẹ̀.
Onírùngbọ̀n wà ńbẹ̀.
Bàbá Má-rẹ̀ẹ́rín,
obìnrin tó ń fi gìgísẹ̀ bàtà ṣí ìlẹ̀kùn báńkì,
àti Ṣáínà kúkúrú tí a ń pè ní Ìjì.
A ò mọ orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n,
àwa la sọ wọ́n lórúkọ ní Sábó níbí.
Ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó kún ilé.
Kí gbogbo wọn wá pọ̀ sójú kan!
Bí ìgbà tí máńgòrò àti kaṣú àti àgbálùmọ̀
bá pọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí èèyàn ò mọ èyí tí ì bá kọ́kọ́ ká.

Ìtàn rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má bi mí.
Àpótí kan sọnù, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé e wá.
Ohun tó wà nínú àpótí, wọn ò sọ ọ́,
kò sì sẹ́ni tó bèèrè.
Imú ni Gẹ̀ẹ́sì wọn ń gbà jáde,
Múfútàù ọmọ fọkanáísà ló ń túmọ̀ rẹ̀:
"Ó ní òun á pa á."
Ẹnì kejì sọ̀rọ̀ gígùn, omi lé ròrò lójú rẹ̀.
"Òun náà ní òun á pa á."

Mọ́tò fò láti orí afárá,
ó ré odò kọjá, ó ré ọkọ̀ ojú irin kọjá,
ó balẹ̀, gíláàsì rẹ̀ kan ò fọ́.
"Irọ́ ni!" ni awakọ̀ kan ké lẹ́yìn mi,
"kòtò kan ṣoṣo lọ́nà Ọ̀yọ́ ló ba tèmi jẹ́ lánàá!"
Ó ń pàtẹ́wọ́ bó ti ń wí i.

Díákónì Oyèníhùn dá mi dúró lọ́jọ́ Ìsinmi.
"Mo gbọ́ pé o ń lọ síbẹ̀. Kí lẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹ̀?"
Mo ronú. Mo fẹ́ purọ́.
Mo ní, "Bàbá, kò sí."
Ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ tó mi.
Kò sí pósí tí kò ní tirẹ̀,
àwọn tó wá sanwó á sọ ọ́ fún mi pátá,
wọ́n á máa fọwọ́ pa pákó bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Nílé Látóyè, ọgọ́rùn-ún èèyàn ṣubú,
n kò wọn ẹnì kankan.
Onírùngbọ̀n pàápàá, bọ́ǹbù gbé e lọ lóṣù tó kọjá.
Ní Sátidé kejì ó ti dé, ó ti pààrọ̀ jákẹ́ẹ̀tì,
irùngbọ̀n rẹ̀ ò jó,
gbogbo ilé dìde: "Ẹ kú àbọ̀ o!"

Lálẹ́ àná jẹnẹrétọ̀ kú
nígbà tí Apárí ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́ sókè.
A fi ẹnu ja ìyókù ìjà náà nínú òkùnkùn,
gbì, gbà, gbòlà,
títí ìyàwó Látóyè fi lé wa jáde.

Mo bá ọkùnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi,
ó fi okùn ìwọ̀n wé ìka.
Okùn náà kò gùn.
Ẹ̀rín tí mo ń rín bọ̀ kò tètè kúrò lẹ́nu mi.
Mo fọwọ́ bò ó.
Mo ní kó jókòó.