Rìsíìtì fún Asọ̀rọ̀mágbèsì

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọjọ́ Ẹtì,
oòrùn Ìbarà ń yan páànù ilé iṣẹ́ wa bí ẹní yan ẹ̀pà,
jẹnẹrétọ̀ ń kùn lẹ́yìnkùlé,
mo ń ka ìròyìn lábẹ́ ètè kí n tó kà á sétí ìlú,
ni ọlọ́dẹ ẹnu géètì yọjú:
"Àǹtí, bàbá kan wà níta.
Wọ́n ní àwọn wá gba gbèsè."

Bàbá Ṣówẹ̀mímọ̀ ni, láti Láfẹ́nwá,
òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí mi.
Ó gbé agolo bisikíìtì kan dání,
ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa, ó ń dún ní gbogbo ìgbésẹ̀.
Inú rẹ̀ ni rìsíìtì owó láísẹ́ńsì rédíò wà,
pélébé pélébé, wọ́n ti pọ́n, òwú dúdú ló fi dì wọ́n:
ti ìgbà ṣílè, ọdún tó bí àkọ́bí;
ti ìgbà náírà, ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kú,
ó ní ọjọ́ kẹta ìsìnkú lòun lọ san án ní káńsù.

"N kò jẹ yín ní kọ́bọ̀," ó ní.
"Ẹ̀yin lẹ jẹ mí."

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í dé ojú.
"Kí la jẹ yín, Bàbá?"
"Ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Ó ti kà á. Aago rélùwéè ló fi kà á,
aago tó ń pé nígbà tí rélùwéè kì í pé mọ́.
Lálẹ́ Ọjọ́rú, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́nu wa:
a gbé ọ̀rọ̀ wọn, a gbé ìpàtẹ́wọ́ wọn pàápàá.
Lọ́jọ́ kan náà, àwọn alátakò pé jọ ní Kútọ̀,
bàbá fẹsẹ̀ rìn kọjá níbẹ̀, èrò ò jẹ́ kó rọ́nà lọ.
Lẹ́nu tiwa, pápá náà ṣófo,
àfi bíi pé ewúrẹ́ ló ń jẹko níbẹ̀.

Mo bi í bóyá ọmọ ẹgbẹ́ wọn ni.
Inú bí i.
"Àwọn wo? N kò lè fi ajá mi sí ìkáwọ́ wọn!
Ṣùgbọ́n kí n tó kọ̀ wọ́n, kí n kọ́kọ́ gbọ́ wọn.
Mi ò sanwó kí ẹ máa bá mi yan ẹni tí màá kórìíra."

Mo ti ń dúró de òwe agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá.
Kò pa á. Ó kàn ń nu ìdérí agolo rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pè é,
àpótí tó ń dá sọ̀rọ̀ látàárọ̀ lára ògiri,
tí ẹnikẹ́ni ò lè bi léèrè.
Mo rò pé orúkọ lásán ni.
N kò mọ̀ pé ìwà ni.

Ọ̀gá wa yọrí láti orí àtẹ̀gùn: "Ta nìyẹn?"
Mo ní, "Ọ̀gá wa ni."
Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀.

Mo ya ewé kan nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ síbẹ̀:
*A gba ìbéèrè kan lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Olúgbùyì Ṣówẹ̀mímọ̀.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. A kò tíì san án.*
Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kò ní déètì.
Mo kọ déètì. Ó fi sórí àwọn tó kù.

Aago méjì lù, iná pupa tàn.
Mo ka ohun tí wọ́n tẹ̀ fún mi:
kọmíṣọ́nnà ṣí kànga, kọmíṣọ́nnà dúpẹ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ kọmíṣọ́nnà.
Ohùn mi já gaara, kò gbọ̀n.
Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ìdérí agolo kan
tó ń dún lọ ní ìsàlẹ̀ Ìbarà, ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀,
n kò sì mọ bí gbogbo ìlú ṣe ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi.