Ìkíni fún Ẹni Tó Ń Ṣàlùwàlá Lóru

Wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta àti tọ́ọ̀ṣì kan,
wọ́n ní kí n máa ṣọ́ mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tó wà lẹ́bàá èbúté Kádíìfù.
Muqbil tó gbà mí síṣẹ́ kò wojú mi
nígbà tó ní, "Bí o bá gbọ́ omi, má lọ wò ó."

Mo ní, omi wo?
Ó ní, omi.

Òjò ìlú yìí kì í dá; ó kàn ń sinmi ni.
Ògiri ti dúdú bí ìdí ìkòkò,
èéfín èédú ọgọ́rùn-ún ọdún ló lẹ̀ mọ́ ọn.
Lẹ́yìn míńbárì, ilẹ̀kùn kékeré kan wà,
ẹni gíga á bẹ̀rẹ̀ kó tó wọlé.
Ibẹ̀ ni sàréè wà lábẹ́ aṣọ aláwọ̀ ewé:
Ṣéèkì Awad, tó ń kó èédú sínú iná ọkọ̀ ojú omi
kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní Ṣéèkì.

Àwọn ọmọ àdúgbò kì í gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn Iṣáì.
Màmá Gwenllian tó ń ta búrẹ́dì lódìkejì
ní òun ti rí ojú ẹsẹ̀ tútù lórí òkúta,
ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan, àti ojú ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.
Ẹ̀rọ ọkọ̀ ló gé ti òsì lọ, bàbá rẹ̀ ló sọ fún un.
Mo rẹ́rìn-ín. Ọmọ Ìwó ni mí, ọmọ ọmọ Alfa Bùsàrí,
mo ti ká Áyátù Kúrúsíyù sórí
kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà.

Òru kan nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀,
omi dà.
Kì í ṣe omi ẹ̀rọ. Mo mọ ohùn omi ẹ̀rọ.
Búùtà ni,
bí ìgbà tí Alfa bá jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa:
ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, imú,
ojú,
apá dé ìgúnpá,
orí, etí,
ẹsẹ̀ kan.
Ó wá dákẹ́, bíi pé ó ń wá èkejì.

Kúrúsíyù fò kúrò lórí mi bí ẹyẹ tí wọ́n sọ lókò.
Ohun tí ìyá mi kọ́ mi nìkan ló kù sí mi lẹ́nu:
bí o bá bá àgbà lẹ́nu nǹkan, kí i.

Ṣùgbọ́n kí ni kí n kí i?
Ẹ kú òtútù? Òtútù kò lè mú un mọ́.
Ẹ kú iṣẹ́? Iná ọkọ̀ náà ti kú kí wọ́n tó bí bàbá mi.
Ẹ kú àjò? Àjò tí kò lábọ̀, ta ní ń kíni fún un?
Ẹ kú ilé? Ilé wo?
Èdè wa pàápàá dójú tì mí:
"ẹ kú" la fi ń ṣí ẹnu,
"ẹ kú", fún ẹni tó ti kú.

Mo dúró, orúnkún mi ń gbọ̀n,
mo rántí owó ilé, mo rántí físà mi tó ku oṣù mẹ́rin,
àti ìyàwó mi lórí fóònù, "Ìgbà wo?"
àti èmi, "Láìpẹ́."
Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé.
Ta ló sọ fún wọn pé ó dùn?

Mo bá gbọ́ ohùn ara mi:
"Ẹ kú àìsùn, bàbá."

Kò dáhùn.
Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí wọ́n gbé búùtà kalẹ̀,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé àwọn kan ń sùn.

Nílẹ̀ mọ́, Muqbil bi mí bóyá mo gbọ́ omi.
Mo ní òjò ni.
Láti ọjọ́ náà, kí n tó jókòó,
mo máa ń se omi díẹ̀ sínú búùtà,
kó lọ́wọ́ọ́wọ́.
Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo náà, òtútù ibí kò yẹ ẹ́.