Lẹ́tà Abẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì

Ọjọ́ tí òjò wọ inú ọkọ̀ mi ní Pánṣẹ́kẹ́
ni mo ká kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè kí n sá a,
ni mo bá rí àpòòwé kan, ó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ,
ẹnikẹ́ni ò tíì já a.
Orúkọ obìnrin kan ló wà lára rẹ̀,
obìnrin ìlú yìnyín tí n kò mọ̀ rí.
Mo já a. Lẹ́tà ẹlẹ́tà.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ló kọ̀wé:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà fún wa.
Páìpù tó ń gbé epo lọ sí ẹ́ńjìnnì lè là.
Ẹ má ṣe gbé e sínú ilé sùn.
A ó tún un ṣe, a kò ní gba kọ́bọ̀.

Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n ti ń pè é, tí kò jẹ́.
Ó ti wọ ọkọ̀ òkun, ó ti sùn ní Kùtọnu,
ó gba Ìdìrókò wọlé pẹ̀lú ìbúra alágbàtà
pé ìyàwó pásítọ̀ ló lò ó,
ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ.

Ilé làbọ̀ sinmi oko.
Ọkọ̀ tí wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé,
ilé wo?

Mo wá rántí òórùn.
Òórùn tó máa ń bá wa gun òkè Ìtòkò,
tí mo rò pé ti táńkà iwájú ni.
Ọmọ mi á ní, "Mọ́mì, orí ń fọ́ mi,"
èmi á ní kó ṣí gíláàsì.
Kó ṣí gíláàsì!

Ráúfù wọ abẹ́ rẹ̀ lọ ní Lafẹ́nwá,
rélùwéè ń kọjá, ilẹ̀ ń gbọ̀n,
ohùn rẹ̀ ń jáde bí ohùn ẹni tó wà nínú kànga:
"Tíṣà, ẹnì kan ti fi ọṣẹ dí i rí.
Ọṣẹ ìfọṣọ."
Ó yọ páìpù náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́;
ó là bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́.
Lórí èyí la ti ń lọ, tí à ń bọ̀.

Ó ní tuntun wà, owó rẹ̀ ju owó oṣù mi lọ;
àlòkù wà, òun ò lè búra fún un;
ọṣẹ náà ṣì wà.
Ó rẹ́rìn-ín.
Mo san owó ọṣẹ.

Ní Sátidé, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówùnmí wá láti Ọbáńtókó, ó fẹ́ rà á.
Ìyàwó rẹ̀ lóyún, ó jókòó sẹ́yìn, ó ń fọwọ́ pa síìtì.
"Ó mà mọ́ o," ó wí.
Mo ti lanu láti dá iye lé e.
Orúkọ mi kọ́ ló wà lára lẹ́tà. Ta ni yóò mọ̀?
Òkúta tó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ogun
kò lè gba aboyún lọ́wọ́ epo.
Mo yọ ọ́ nínú báàgì, mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn,
díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí mo bá ń pe àpèkọ fọ́mọ kíláàsì.
Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Wọn ò bínú. Wọn ò dúpẹ́ náà.

Ọkọ̀ náà wà níta, lábẹ́ igi ìyeyè,
ó jìnnà sí kíṣìnnì, ó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀.
A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.
Lálẹ́ mo máa ń jáde lọ gbóòórùn rẹ̀
bí ìyá ṣe ń gbóòórùn àtàrí ọmọ tuntun.
Mo ti fa ìlà sórí orúkọ obìnrin yẹn,
mo kọ tèmi sábẹ́ rẹ̀:
Fadérera Ṣóńdé, Ìjemọ̀, Abẹ́òkúta.
Ẹ pè. Mo gbọ́.