Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ná

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe l'Ókè-Àró la ti ń ta á,
lọ́sàn-án Sátidé, lẹ́yìn tí iná bá ti lọ.
A ò rí dáìsì olójú ogún rà ní gbogbo Àkúrẹ́;
ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò ogún la kó sínú agolo mílíìkì,
Akíntádé fi bíró kọ nọ́ńbà sí wọn nínú.
Hóró kòkó ni àwa akọni.
Hóró àgbàdo sísun ni ọ̀tá,
ìdí nìyẹn tí ọ̀tá fi ń dín kù kí ogun tó bẹ̀rẹ̀.
Bọ́lárìnwá ní ebi ló ń pa òun.

Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ìjọ kan ni ayé wa wà:
odò níbí, igbó lọ́hùn-ún,
ẹnubodè tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí.

Orí ọfọ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.
Bọ́lárìnwá ní bí oṣó bá ti mọ ọfọ̀, ó mọ̀ ọ́n náà nìyẹn,
kó máa pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú.
"Ta ló ń ka iye ìgbà tí èèyàn sín?"
Akíntádé, ọmọ Oǹdó, tí kì í gbé ohùn sókè,
wo inú ìwé rẹ̀ bí adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀:
"Agbára tí a kì í sanwó rẹ̀, ariwo lásán ni.
Ẹni tó bá pe ọfọ̀ yóò ná ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ara rẹ̀.
Kò ní lè sọ ọ́ mọ́ títí eré yóò fi parí."
Òjò ta tó-tó-tó sórí páànù, ó dáwọ́ dúró.
"Ọ̀rọ̀ wo?"
"Èyí tó bá wù ọ́. Ọ̀rọ̀ kékeré, iṣẹ́ kékeré."
Bọ́lárìnwá ná "ṣùgbọ́n", ó fi tan àbẹ́là.
Láti ìgbà náà, kò rí bó ṣe máa jiyàn mọ́.

Ìbídùnní ní ní tòun, òun ò ṣe èèyàn.
Egbére lòun fẹ́ jẹ́.
"Egbére kẹ̀? Ẹkún ló ń sun kiri!"
"A óò jí ẹní rẹ, a óò lówó, eré bùṣe."
Ó ní, "Ta ló bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún?
Bí wọ́n bá ń lé ìwọ náà kiri nítorí ẹní tí ò ń sùn lé,
ṣé ẹ̀rín ni wàá máa rín?"
Akíntádé ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀:
Èèyàn, ọgbọ́n mẹ́wàá. Iwin, mẹ́jọ. Egbére, mẹ́ta.
Ará inú igbó, agbára mẹ́wàá, ọgbọ́n méjì.

Ibẹ̀ ni Onímísì ti mú hóró kòkó rẹ̀ kúrò lórí kàlẹ́ńdà.
Bàbá rẹ̀ ń ro oko fún oníkòkó kan lọ́nà Ìdànrè,
ní abúlé tí kò ní pátákó lẹ́bàá títì.
Kò bínú. Ó kàn ní,
"Ará igbó yìí, ta ló wọn ọgbọ́n rẹ̀?
Kóńgò wo ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n?"
Kò sẹ́ni tó fèsì. Ìbídùnní ń fi èékánná bó àgbàdo.
Akíntádé fi bíró pa ìlà yẹn rẹ́,
ó pa á títí ìwé fi ya.
"Ó dáa. Kí oníkálùkù mú ọgbọ́n tirẹ̀ nínú agolo."
Egbére mú méjìdínlógún.
Èèyàn, ìyẹn èmi, mú mẹ́rin.

Ìrọ̀lẹ́ la tó dé ẹnubodè.
"Oyin" ò ṣí i. "Bàtà" ò ṣí i.
Egbére tó gbọ́n jù mí lọ sọ ọ́ sí mi létí:
"Ná èyí tó máa dùn ọ́."
Mo ná ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ní òun ni àbọ̀ sinmi oko.
Ẹnubodè ṣí gbàgàdà.
Akíntádé pa ìwé dé. Ó di Sátidé tó ń bọ̀.
Eré ò tíì parí.

Ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
"Níbo?"
"Ọ̀bà..." Ẹnu mi há.
"Ọ̀bà wo? Ti Àkókó? Ó jìnnà o!"
Mo mi orí. Mo nawọ́ síbẹ̀.
"Ibi tí ìyá mi wà," mo ní.
"Ta ló mọ ìyá ẹ?" Ó yí iná mọ́ ọn, ó lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn,
mò ń wá orúkọ mìíràn tí èèyàn lè fi pe ibẹ̀.